Ìtàn Ìgbésí Ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n John Goodenough, Ọmọ Ogun àti Onígbàgbọ́, Ẹni tí Ó Ṣe Iṣẹ́ Rẹ̀ ní Ọjọ́ Alẹ́

Ẹni tí èmi ó sọ ìtàn rẹ̀ fún yín kì í ṣe ọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe balógun. Àwọn èrò ọjà kò mọ orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ọjà kan ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò sí, nítorí pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ki tẹlifóònù alágbèéká bọ àpò rẹ̀, èso làálàá ọkùnrin yìí ni ó gbé dání. Láti ìgbà tí tọ́ọ̀ṣì àti rédíò kékeré ti wọ ìlú wa ni àwọn ènìyàn wa ti ń pe ohun tí a ń kì bọ inú wọn ní òkúta. A ó wí fún ọmọdé pé kí ó lọ ra òkúta wá, ọmọ náà yóò sì mọ ohun tí a ní lọ́kàn. Orúkọ náà bá òtítọ́ mu ju bí ẹni tí ó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ ti rò lọ. Ohun tí ó wà nínú òkúta àti bí a ti tò ó pọ̀ ni John Bannister Goodenough fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ wádìí, láti inú irú ohun bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti rí ibi tí a lè kó agbára iná mànàmáná pamọ́ sí.

A bí i ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1922. Ó sì kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 2023. Oṣù kan péré ni ó kù kí ó pé ẹni ọdún 101. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí bí ẹni pé èènì ni, bí ẹ̀kúnwọ́ tí ìyá ọlọ́jà ń bù lé ọjà lẹ́yìn tí owó ti pé. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Bí ọkùnrin yìí bá ti kú ní ẹni 55 ọdún, ìwọ̀nba àwọn ọ̀mọ̀wé ni ìbá rántí rẹ̀. Bí ó bá sì ti kú ní ẹni 70, iṣẹ́ rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ ìbá wà láyé, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àbùkù kan lára tí òun fúnra rẹ̀ dàgbà tó láti wá nǹkan ṣe sí. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi ìtàn rẹ̀ hàn.

Ìlú Jena ní ilẹ̀ Jámánì ni a bí i sí, nítorí pé bàbá àti ìyá rẹ̀, tí í ṣe ará Amẹ́ríkà, wà ní Yúróòpù ní ìgbà náà nítorí ẹ̀kọ́ bàbá rẹ̀. Bàbá yìí, Erwin Goodenough, yẹ fún àkíyèsí. Láàárín àwọn Mẹ́tọ́díìsì ni a ti tọ́ ọ dàgbà, ó sì ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà kúrò nínú ìsìn. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ẹ̀sìn ní Yunifásítì Yale, ó sì kọ ìwé ńlá kan nípa àwọn àmì ìsìn àwọn Júù ní ayé àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù, èyí tí apá rẹ̀ jẹ́ 13. Ó mọ ẹ̀sìn dunjú, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó dúró lẹ́yìn fèrèsé tí ó ń wo àwọn tí ń jó nínú agbo ni ó ti mọ̀ ọ́n. Ilé náà kò sì ní ọ̀yàyà. Ìfẹ́ kò sí láàárín tọkọtaya náà, àwọn ọmọ sì mọ̀ ọ́n lára.

Ọmọ yìí kò lè kàwé dáadáa. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òpè. Ìṣòro kan wà tí kì í jẹ́ kí ojú àwọn ọmọ kan mú lẹ́tà bí ó ti yẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọpọlọ wọn pé. Lónìí àwọn olùkọ́ mọ ìṣòro náà, wọ́n sì ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ìgbà èwe rẹ̀ kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ni ó wá ọgbọ́n dá sí i, ó sì yà sí ọ̀nà ìṣirò, níbi tí ọ̀rọ̀ kò ti pọ̀. Nígbà tí ó ṣe, ó rí owó ìrànlọ́wọ́ gbà láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ Groton ní Massachusetts. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Episcopal ni, ìyẹn ìjọ Áńgílíkà ti Amẹ́ríkà, ìsìn sì jẹ́ ara iṣẹ́ ojúmọ́ níbẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti fi ìjọ sílẹ̀ ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wọ inú ìjọ. Èyí kò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n kò tún jáde mọ́ títí ó fi kú.

Ní Yale, níbi tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò, ó ń kọ́ àwọn ọmọ olówó ní ilé kí ó lè rí owó fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti ka ìwé ọ̀mọ̀wé Whitehead kan tí a ń pè ní Science and the Modern World, ó sì pinnu nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá la ogun já, físíìsì ni òun yóò kọ́. Nítorí ogun ti dé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1941 ni àwọn ará Japan kọlu Pearl Harbor, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ sì ń sáré lọ forúkọ sílẹ̀ láti jà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò kan gbà á nímọ̀ràn pé ẹni tí ó mọ ìṣirò bí tirẹ̀ yóò wúlò jù lọ fún àwọn tí ń ṣàkíyèsí ojú ọjọ́ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú. Ó gba ìmọ̀ràn náà.

Nípa bẹ́ẹ̀ ibọn kọ́ ni a fi lé e lọ́wọ́ bí kò ṣe ìwé àwòrán afẹ́fẹ́ àti ìkùukùu. Wọ́n rán an lọ sí àwọn erékùṣù Azores, ilẹ̀ àwọn Pọtogí tí ó wà ní agbede méjì Òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú tí ń ti Amẹ́ríkà lọ sí Yúróòpù àti Áfíríkà ti ń bà kí wọ́n lè gba epo. Ẹ jẹ́ kí a ro iṣẹ́ náà wò. Omi ni ó yí ibẹ̀ ká, ọkọ̀ òfuurufú tí ó bá sì gbéra lọ́nà jíjìn kò ní ibòmíràn tí yóò bà sí bí kùrukùrù bá bo erékùṣù náà mọ́lẹ̀ kí ó tó dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé 25 ọdún ni yóò wo ìwọ̀nba àmì tí ó wà níwájú rẹ̀, tí yóò sì wí pé kí wọ́n máa bọ̀ tàbí kí wọ́n dúró. Àwọn kan lè wí pé èyí kò tó ogun jíjà. Ẹni tí ẹ̀mí àwọn awakọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní òru kò ní wí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1946, nígbà tí ó ṣì wà ní erékùṣù náà, wáyà dé pé kí ó padà wálé kíákíá. Owó kan ṣẹ́kù lọ́wọ́ ìjọba, a sì ti pinnu láti fi rán ìwọ̀nba àwọn ọ̀gá ọmọ ogun tí ń ti ojú ogun bọ̀ lọ kọ́ físíìsì àti ìṣirò. Bí orúkọ tirẹ̀ ti bọ́ sí àárín wọn nìyẹn, àbá tí ó ti ní lọ́kàn láti Yale sì di ohun tí ọ̀nà là fún. Yunifásítì Chicago ni ó lọ.

Ìtàn kan wà tí Goodenough fẹ́ràn láti máa sọ nípa ọjọ́ tí ó lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Simpson ni ó gbà á wọlé, ó sì wí fún un pé ẹ̀yin tí ẹ ti ogun dé yìí yà mí lẹ́nu. Ṣé ẹ kò mọ̀ pé gbogbo àwọn tí ó ṣe ohun ńlá nínú físíìsì ni ó ti ṣe é tán kí wọ́n tó dàgbà tó yín, ẹ̀yin sì ń wá bẹ̀rẹ̀? Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ yìí kò tíì pé 30 ọdún tàbí kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé e, nítorí pé ọdún 1916 ni a bí i. Ẹni tí ó sì ń sọ ọ́ fún jẹ́ ẹni 24. Èmi kò rò pé ìkà ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà fẹ́ ṣe. Ìgbàgbọ́ gbogbo àwọn onímọ̀ físíìsì ni ìgbà náà ni ó sọ jáde, pé ọpọlọ a máa mú nígbà èwe, a sì máa kú tì bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Bí ó bá sì jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé ogun ti jẹ ìgbà tí ó dára jù lọ nínú ayé àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí, kò sì sí ẹni tí yóò san án padà fún wọn.

Goodenough jókòó, ó kẹ́kọ̀ọ́. Enrico Fermi, ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbọ́n jù lọ ní ayé ìgbà náà, ń kọ́ni níbẹ̀. Ọ̀gá tí ó ṣe alábòójútó rẹ̀ ni Clarence Zener. Nígbà tí ó lọ bá Zener láti bèèrè iṣẹ́ tí yóò ṣe, èsì tí ó gbà kúrú: ìṣòro méjì ni ó ní, èkíní ni kí ó wá ìṣòro kan rí, èkejì sì ni kí ó yanjú rẹ̀, ó dàárọ̀. Ó rí ìṣòro náà, ó yanjú rẹ̀, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1952. Ní ọdún 1951 ó ti gbé Irene Wiseman níyàwó, obìnrin ará Kánádà kan tí ó ń kọ́ ìtàn. Wọ́n gbé pọ̀ fún ọdún 65, títí Irene fi kú ní ọdún 2016. Wọn kò bí ọmọ.

Ọdún 24 ni ó lò ní ilé ìwádìí Lincoln tí ó wà lábẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT. A kò ní pẹ́ níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe fún àwọn tí ń ṣọ́ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n sì nílò ohun tí kọ̀ǹpútà yóò fi máa rántí ọ̀rọ̀. Àwọn òrùka wẹ́wẹ́ tí a fi amọ̀ onírin sun, tí a sì sín bí ìlẹ̀kẹ̀ sára wáyà, ni wọ́n lò. Goodenough wà lára àwọn tí ó mú kí òrùka náà ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ó tún ṣe òfin kan nípa bí agbára òòfà ti ń ti ara ẹyọ kan dé ara èkejì nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀, òfin tí orúkọ rẹ̀ àti ti Kanamori ará Japan ṣì wà lára rẹ̀. Nígbà tí epo rọ̀bì di ọ̀wọ́n gógó ní ọdún 1973, ó fẹ́ yí iṣẹ́ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ agbára iná. Ṣùgbọ́n owó ọmọ ogun òfuurufú ni a fi ń tọ́jú ilé ìwádìí náà, òfin kò sì jẹ́ kí a ná an sí ohun tí kì í ṣe ti ogun. Ó ní láti wá ibòmíràn lọ.

Ní ọdún 1976 ni Yunifásítì Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pè é wá jẹ ọ̀gá ilé ìwádìí kẹ́mísírì wọn. Ọ̀rọ̀ náà ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé onímọ̀ físíìsì ni, kò gba oyè kankan nínú kẹ́mísírì. Ó jẹ́ ẹni 54.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé ohun tí ó ṣe níbẹ̀ bí mo ti lè ṣe é kedere tó. Bátìrì dà bí ilé oníyàrá méjì. Nígbà tí a bá ń fi iná sí i, àwọn ẹyọ lithium tí ojú kò lè rí a máa ti yàrá kan lọ sí èkejì. Nígbà tí a bá ń lò ó, wọn a máa padà sí yàrá ti àkọ́kọ́, ìrìn àjò wọn sì ni ó ń fún wa ní iná. Stanley Whittingham, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń bá ilé-iṣẹ́ epo Exxon ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni ó ti fi èyí hàn ní àárín ọdún 1970 sí 1980. Titanium àti imí ọjọ́ ni ó fi ṣe yàrá kan, ògidì lithium ni ó fi ṣe èkejì. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ju bíi fóòtì 2 àti díẹ̀ lọ. Ewu sì wà nínú rẹ̀, nítorí pé ògidì lithium a máa hu ohun kan bí ẹ̀gún, tí yóò gún láti yàrá kan dé èkejì, iná yóò sì ṣẹ́.

Ohun tí Goodenough rò ni pé ọ́síjìn yóò ṣe iṣẹ́ náà ju imí ọjọ́ lọ. Ọdún púpọ̀ tí ó ti lò nídìí amọ̀ onírin, tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀, ni ó kọ́ ọ ní èyí. Àwọn onímọ̀ bátìrì kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé wọn kò bá ọ̀nà ibẹ̀ wá. Àwọn àgbà wa wí pé bí ọmọdé ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àkísà ọgbọ́n tí ó ti kó jọ ní Lincoln ni ó sì tú jáde ní Oxford. Ó tún ro ohun kejì, èyí tí ó jọ ẹ̀yìn-ni-a-ń-rìn: dípò kí a fi ògidì lithium bẹ̀rẹ̀, kí a kó lithium sínú òkúta náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì máa fi iná yọ ọ́ jáde. Koichi Mizushima tí ó ti Tokyo wá àti àwọn mìíràn ni ó bá a ṣe ìdánwò náà. Wọ́n dán irin oríṣiríṣi wò, wọ́n sì rí i pé cobalt ni ó dára. Òkúta cobalt àti ọ́síjìn yìí dà bí ìwé tí a tò lé ara wọn, tí lithium ń rìn gba àárín ojú ewé rẹ̀. Agbára rẹ̀ jẹ́ fóòtì 4. Ní ọdún 1980 ni wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde, olórí wọn sì jẹ́ ẹni 57.

Nípa owó, ìtàn náà kò dùn. Oxford kọ̀ láti san owó ìwé àṣẹ tí ìjọba fi ń fún ẹni tí ó wá ohun titun rí ní ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀. Kí ìmọ̀ náà má baà ṣòfò, Goodenough fi ẹ̀tọ́ náà fún ilé ìwádìí ìjọba tí ó wà ní Harwell, kò sì rí kọ́bọ̀ gbà lórí rẹ̀ títí ayé. Ní Japan, Akira Yoshino ka ìwé wọn, ó fi èédú tí a rí láti inú epo rọ̀bì ṣe yàrá kejì ní ọdún 1985, bátìrì náà sì di ohun tí ènìyàn lè gbé sápò láìbẹ̀rù. Sony bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní ọdún 1991. Òwò ńlá ni ó di káàkiri ayé. Àwọn kan a máa fi èyí yin Goodenough pé ó jẹ́ ènìyàn Ọlọ́run tí kò ka owó sí. Òtítọ́ ni pé kò banújẹ́ lórí rẹ̀, àti pé owó àwọn ẹ̀bùn tí ó gbà lẹ́yìn náà ni ó fi fún yunifásítì rẹ̀ láti fi ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùwádìí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn fi owó sílẹ̀ tinútinú, ọ̀tọ̀ sì ni kí àwọn tí ó yẹ kí ó dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀ sùn lọ. Ìwà rere rẹ̀ kò wẹ àìbìkítà wọn mọ́.

Bí ó ti ń sún mọ́ ọdún tí Oxford yóò fi tipátipá mú un fẹ̀yìntì, ó kó ẹrù rẹ̀ ní ọdún 1986, ó sì lọ sí Yunifásítì Texas ní ìlú Austin. Ẹni 64 ni. Arumugam Manthiram, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Íńdíà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Oxford, bá a lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì yóò rántí Kálébù, ológun àtijọ́, tí ó tọ Jóṣúà lọ ní ẹni ọdún 85 láti tọrọ òkè tí àwọn òmìrán wà lórí rẹ̀. Kò tọrọ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Goodenough pẹ̀lú kò tọrọ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní Texas.

Òkè tí ó wà níwájú rẹ̀ ni àbùkù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Cobalt wọ́n, kò sì pọ̀ láyé. Bí a bá sì yọ lithium inú rẹ̀ jù, òkúta náà a máa wó lulẹ̀. Ní Oxford ni ó ti kọ́kọ́ wá nǹkan mìíràn, nígbà tí Michael Thackeray láti Gúúsù Áfíríkà bá a ṣe èyí tí a fi manganese ṣe. Ní Austin ni ó dé ibi tí ó ń lọ. Pẹ̀lú Akshaya Padhi àti Nanjundaswamy, àwọn pẹ̀lú ará Íńdíà, ó tẹ ìwé jáde ní ọdún 1997 nípa òkúta kan tí a fi irin lásán àti phosphate ṣe, irin tí alágbẹ̀dẹ ń rọ, àti phosphate tí àgbẹ̀ ń rà nínú ajílẹ̀. Kò wọ́n, kì í tètè gbiná, kò sì ní cobalt nínú rárá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó ń lọ́ra, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn mìíràn wá kọ́ bí a ti ń lọ̀ ọ́ kúnná tí a sì ń fi èédú bò ó, ó di alágbára. Bátìrì lithium tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìbàdàn àti Èkó ti rà ní àìpẹ́ yìí fún ẹ̀rọ inverter wọn, tí wọ́n fi ń gbara wọn lọ́wọ́ òkùnkùn, irú rẹ̀ ni ó pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ẹni tí ó ṣe é jẹ́ ẹni 74 nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí cobalt yìí, nítorí pé ní Áfíríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dunni. Èyí tí ó ju ìdajì lọ dáadáa nínú cobalt tí a ń wà láyé ni ó ń ti ilẹ̀ Kóńgò wá, láti agbègbè Katanga àtijọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń fi ẹ̀rọ wà á, ṣùgbọ́n àwọn tálákà pẹ̀lú ń fi ọwọ́ àti ṣọ́bìrì wà á nínú ihò tí ó lè wó lé wọn lórí, ẹgbẹ́ Amnesty sì kéde fún ayé ní ọdún 2016 pé àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Lithium fúnra rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Nàìjíríà tiwa, ní Nasarawa, a sì ti rí àwọn ọmọdé nídìí rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Goodenough kọ́ ni ó rán ọmọ ẹnikẹ́ni lọ sínú ihò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ka ìtàn rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí kò gbọdọ̀ kà á bí ẹni pé láti ọ̀run ni òkúta náà ti já bọ́. Nítorí náà ni mo fi ka iṣẹ́ ọdún 1997 sí iṣẹ́ tí ó tóbi ju ti 1980 lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti 1980 ni gbogbo ayé ń ròyìn. Ó fi hàn pé a lè ṣe bátìrì tí kò nílò Katanga.

Ní ọdún 2008, ní ẹni 86, ó tẹ ìwé kékeré kan jáde nípa ayé rẹ̀, ó sì pè é ní Witness to Grace, èyí tí a lè túmọ̀ sí Ẹlẹ́rìí Oore-ọ̀fẹ́. Ẹni tí ó bá retí pé òkìkí ara rẹ̀ ni yóò ròyìn níbẹ̀ yóò rí i pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ ni ó fi wé ara wọn bí okùn. Lára ògiri ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Austin, ó fi aṣọ híhun kan kọ́ tí àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa wà lára rẹ̀. Ó sì máa ń tọ́ka sí i fún àlejò pé àwọn àpọ́sítélì inú rẹ̀ ń bá ara wọn jiyàn kíkankíkan bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì níbi ìpàdé. Ẹ̀rín rẹ̀ lókìkí. Ẹ̀rín kèékèé ni, tí a máa ń gbọ́ ní ọ̀nà jíjìn. Ó fi ara rẹ̀ wé ìjàpá. Lọ́dọ̀ wa Ìjàpá jẹ́ ẹlẹ́tàn, a kì í fi orúkọ rẹ̀ yin ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí òun ní lọ́kàn ni ẹni tí ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, tí kò tètè mọ̀nà, tí ó sì ń ṣa ohun kan lọ́tùn-ún àti lósì bí ó ti ń lọ, títí yóò fi di ẹni 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe.

Ọlá dé, ó sì pẹ́ kí ó tó dé. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ó wà ní London láti gba àmì ẹ̀yẹ Copley lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Royal Society, nígbà tí ìròyìn kàn án pé òun, Whittingham àti Yoshino ni a fún ní Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì. Ẹni 97 ni. Kò sí ẹni tí ó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ rí tí ó gba ẹ̀bùn náà. Ó lọ sí Stockholm ní oṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí olúkúlùkù ẹni tí a fi jẹ oyè náà ń ṣe, Manthiram ni ó dìde láti sọ ọ́ ní orúkọ rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọkùnrin ará Íńdíà náà ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún tí ó ju 30 lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ọ́ ju òun lọ.

Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ohun tí ó dáwọ́ lé ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ gbà. Ní ọdún 2017, ní ẹni 94, òun àti Maria Helena Braga, obìnrin onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Pọtogí, kéde bátìrì kan tí a fi gíláàsì ṣe inú rẹ̀ dípò omi tí ń gbiná, èyí tí ó lè lo sodium, ohun tí ó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan wí gbangba pé ìṣirò náà kò bá òfin ìṣẹ̀dá mu. Àwọn mìíràn wí pé bí kì í bá ṣe Goodenough ni ó sọ ọ́, àwọn kì bá tí fetí sí i. Kò bínú, kò sì dákẹ́. Ó dá wọn lóhùn nínú ìwé, ó sì ń bá ìdánwò lọ ní ilé ìwádìí rẹ̀ ní Austin lẹ́yìn tí Irene ti kú.

Ní oṣù Keje ọdún 2020, tí ó pé ẹni 98, Manthiram àti àwọn tirẹ̀ ní yunifásítì kan náà kéde bátìrì alágbára kan, ìdílé kan náà pẹ̀lú ti ọdún 1980, olójú ewé bí ìwé, tí a ti yọ cobalt kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni bàbá arúgbó náà sùn ní Austin.